Àga Tó Ń Gbé Àlejò Ṣánlẹ̀

Káfíńtà kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àrá. Ẹ̀rín rẹ̀ ló fa orúkọ náà. Bí ó bá rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìṣó á fò jáde lára igi, ajá òpópónà kẹta á sì máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ológbò. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, kó lọ bi télọ̀ tí ògiri kan ṣoṣo pín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ti Àrá níyà. Ó ní lọ́jọ́ kan tí ẹ̀rín yẹn bú jáde, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ òun ṣẹ́ sí mẹ́tàdínlógún, òun sì rán apá ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà mọ́ ìdí ṣòkòtò.

Àga kan wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà. Tí ẹ bá rí i, ẹ ó sọ pé ọba kan ló gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀: ó ń dán bí orí apárí tí wọ́n fi òróró pa. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn, ńṣe ni Àrá kàn tì í sínú ihò rẹ̀, kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí ìṣó. Ẹni tó bá jókòó lé e, kó tó sọ pé "Ẹ kú iṣẹ́ o," ilẹ̀ ti kí i káàbọ̀. Àrá àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ṣe àga yìí, nígbà tí ọmọ náà wà ní ọdún mẹ́tàlá. Àwọn méjèèjì á sá sẹ́yìn òkìtì pákó, wọ́n á máa yọjú wo àlejò.

Ìṣó ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Ó gùn, ó tín-ín-rín, orí rẹ̀ sì pẹrẹsẹ lókè bí orí ìṣó tí wọ́n ti fi hámà lù. Ìyá rẹ̀ ń fọṣọ, ó sì ń lọ aṣọ fún àwọn ará àdúgbò ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó máa ń sọ pé bí ọmọ náà bá dúró sẹ́bàá okùn aṣọ, òun lè ṣèèṣì ká a mọ́ ṣòkòtò.

Àpótí ni Ìṣó fi bẹ̀rẹ̀ àpárá. Ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí olùkọ́ kan ra kọ́bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ Àrá. Ọkùnrin mẹ́rin gbé e dé ilé olùkọ́, wọ́n ń làágùn bí ẹni tó ru òkè méjì. Ìyàwó olùkọ́ ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá igi gidi ni. Ó fi ìka kàn án: kó, kó, kó. Nǹkan kan dá a lóhùn láti inú: kó, kó. Ẹ̀yin èèyàn mi, obìnrin yẹn sá débi pé bàtà rẹ̀ nìkan ló kù níbẹ̀, wọ́n ní títí di òní yìí kò tíì fìdí kan àga. Ìgbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, Ìṣó ló kákò síbẹ̀ tó ń jẹ búrẹ́dì.

Láti ọjọ́ náà ni kíkan ilẹ̀kùn ti di àmì láàárín bàbá àti ọmọ. Àrá á kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, Ìṣó á dáhùn lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí Ìṣó wọ iṣẹ́ ṣójà tó ń pe ilé, Àrá á kọ́kọ́ fi èékánná kan fóònù lẹ́ẹ̀mẹta. Bí kò bá gbọ́ méjì padà, kò ní sọ nǹkan kan, kódà kí Ìṣó máa pariwo pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èèyàn ogún ló tò sẹ́yìn mi!"

Ó ku ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí Àrá bá ti fẹ́ parọ́ fún èèyàn, etí rẹ̀ òsì á mì. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tó ti sọ fún un pé òun nílé alájà mẹ́ta, ó rí etí náà kedere, ó sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kó Ìṣó àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí òkè òkun, lọ la ìjà tí kò kan ìyá ẹnikẹ́ni nínú wọn, Àrá ṣáájú gbogbo ilé jí. Ó fi ìṣó mẹ́jọ kan etí bàtà ṣójà ọmọ rẹ̀ mọ́ pákó ilẹ̀ yàrá. Ìṣó kẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó so okùn rẹ̀ bó ti yẹ, ó na ọwọ́ sórí kí ìyá rẹ̀ bí ẹni tó ń kí ọ̀gágun, ó ní ó dàbọ̀. Ara lọ, ẹsẹ̀ kò lọ. Ó fi imú lulẹ̀ gbàà!

"Ẹ máa pa ọmọ fún mi, Bàbá Ìṣó!" ni ìyá rẹ̀ wí, ṣùgbọ́n òun náà ti fi aṣọ ọwọ́ rẹ̀ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ sì ń mì.

Ìṣó fi hámà tú bàtà rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó gun ọkọ̀, ó yọrí, ó ní, "Bàbá, ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Ẹ̀san ń bọ̀. Èyí tí mo máa fi ránṣẹ́ sí yín láti ọ̀hún, ẹ ò ní gbàgbé ẹ̀ títí ayé yín."

"Tí o bá lè mú mi, màá jẹ ayùn mi!"

"Ẹ tètè lọ wá iyọ̀ sílẹ̀!"

Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn láàárín wọn lójúkojú nìyẹn.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ Túsìdeè kan, ṣójà méjì wọ ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan jẹ́ àgbàlagbà onírun-imú funfun, èkejì jẹ́ ọ̀dọ́ tó di àpòòwé mú mọ́ àyà. Ojú wọn le bí aṣọ tí wọ́n lọ láìwọ́n omi sí i. Àgbàlagbà náà pe orúkọ tó wà nínú ìwé Ìṣó, orúkọ gígùn tí ẹnikẹ́ni kì í pè é nílé, ó béèrè bóyá bàbá rẹ̀ nìyí.

Inú Àrá dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé, "Ó dé! Ẹ̀san bàtà ti dé!"

"Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ ogun!"

"Ká dúró náà ti tó, sà."

"Rárá o! Ẹni tó bá dúró ní ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀."

Àgbàlagbà náà jókòó. Àga gbé e ṣánlẹ̀, fìlà rẹ̀ yí lọ sábẹ́ tábìlì ìfági. Àrá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò tíì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí, gíláàsì fèrèsé ń dún há-há-há pẹ̀lú rẹ̀, télọ̀ sì ń pariwo láti ẹ̀yìn ògiri pé, "Ọ̀gá Àrá, ta lẹ tún mú?"

Ṣójà náà kò dìde. Láti ilẹ̀ tó wà ló ti sọ ọ́: "Bàbá, ọmọ yín ti kú. Bọ́ǹbù tí wọ́n rì sójú ọ̀nà ló gbé ọkọ̀ wọn."

"Ó káre!" ni Àrá wí, tó ń fi ọwọ́ nu omijé ẹ̀rín. "Ẹ sọ fún un pé mo ti mú un! Ẹ wo èyí tó kéré yìí bó ṣe ń sunkún bí ẹni pé òótọ́ ni. Ìṣó ló kọ́ ẹ, àbí?"

Ìyá Ìṣó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Kò wo ọkọ rẹ̀. Àpòòwé ló ń wò, àti ọ̀dọ́ tó dì í mú. Ó rọra jókòó sílẹ̀ bí aṣọ tó já lórí okùn.

"Ìyá Ìṣó, má jẹ́ kí wọ́n mú ẹ o! Ẹ̀san bàtà ni!"

"Ẹ dákẹ́."

"Mo ní ẹ̀san bàtà—"

"Bàbá Ìṣó, ẹ dákẹ́!"

Ìgbà yẹn ni òórùn ohun tó ń jóná gba gbogbo ilé. Ìyá Ìṣó ti fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí aṣọ funfun oníbàárà kan.

Fún ọjọ́ mọ́kànlá, Àrá kò gbà. Télọ̀ wá, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá Àrá, ẹ kú ara fẹ́ra kù."

"Ara ta ló fẹ́ra kù? Jókòó, jàre."

"Mi ò jókòó o. Mo mọ àga yìí."

"Ìṣó ń bọ̀. Ìwọ àti òun ni màá jọ fi ṣe yẹ̀yẹ́."

Télọ̀ wo ilẹ̀, ó jáde. Bí àwọn yòókù ti ń wá, Àrá ń lé wọn. Ìyàwó rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀. Ó kó gbogbo aṣọ tí Ìṣó fi sílẹ̀ jáde, ó ń fọ̀ wọ́n, ó ń lọ̀ wọ́n, ó tún ń fọ̀ wọ́n. Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ aró kan wà níbẹ̀ tó fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, títí tí àwọ̀ rẹ̀ fi dà bí omi tí wọ́n fi ṣan abọ́. Bí ó bá ń sunkún, ọkọ rẹ̀ á kanra mọ́ ọn: "O ti ń gbà fún wọn nìyẹn!"

Ní ọjọ́ kẹwàá, àgbàlagbà ṣójà náà padà wá, ó ní lọ́la ni wọ́n á gbé Ìṣó dé, inú pósí ló máa wà, wọ́n ti kan pósí náà pa, kò ṣeé ṣí. Kò tíì dé òpin òpópónà tí Àrá fi sáré wọlé.

"Inú àpótí! Ìyá Ìṣó, o gbọ́? Inú àpótí ni wọ́n ní ó máa wà! Níbo lọmọ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ àpárá? Màá kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, á dá mi lóhùn, gbogbo àdúgbò á sì sá fi bàtà sílẹ̀!"

Obìnrin náà gbé ojú sókè. Ó wo etí òsì ọkọ rẹ̀. Etí náà kò mì. Ó wò ó títí, kò mì rárá, nítorí Àrá kò parọ́. Ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

"Ṣé ẹ rò bẹ́ẹ̀?" Ohùn rẹ̀ kéré.

"Mo rò kẹ̀? Mo mọ̀!"

Ó nu ojú rẹ̀. Ó tún ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ aró náà lọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní bí Ìṣó bá jáde, á ti làágùn nínú àpótí yẹn, á nílò aṣọ tó mọ́.

Ṣójà mẹ́fà ló gbé pósí wọlé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n gbé e ka orí ìjókòó gígùn méjì ní yàrá àlejò. Ìyá Ìṣó dúró sẹ́bàá ògiri, ṣẹ́ẹ̀tì wà ní apá rẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìdérí. Èèyàn kún ẹnu ọ̀nà dé títì. Àrá tẹ̀ síwájú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ṣẹ́jú sí ìyàwó rẹ̀.

Kó, kó, kó.

Méjì kò padà wá.

Ó sún sí ìsàlẹ̀, sí apá ibi tí ẹsẹ̀ á wà. Bóyá oorun ló gbé e lọ. Kó, kó, kó. Ó fi etí lé igi náà. Ó tún kàn án, ìkúùkù ló fi kàn án lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀kan nínú àwọn ṣójà ọ̀dọ́ sì yí ojú sí ògiri.

Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ Àrá ṣe ohun tí ọwọ́ káfíńtà máa ń ṣe láìbi ẹni tó ni ín léèrè. Ó lọ sábẹ́ orí pósí, ó gbé e sókè díẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń gbé igi. Fi pákó kan lé e lọ́wọ́, á sọ bó ṣe nípọn àti bóyá ó ti gbẹ. Ọwọ́ rẹ̀ wọn ìdérí, ó wọn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó wọn ìdí, ó wọn irin ìdìmú mẹ́fà, ó yọ gbogbo wọn kúrò. Ìwúwo tó kù kì í ṣe ti ọkùnrin. Kì í ṣe ti ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń jẹ búrẹ́dì nínú kọ́bọ́ọ̀dù pàápàá.

Ó gbé orí pósí náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó sún mọ́ àgbàlagbà ṣójà náà, ó bi í ní ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, nítorí kò ròkè ju èémí lọ: "Kí ló kù nínú ẹ̀?"

Ṣójà náà wo bàtà ara rẹ̀. "Bàbá, ohun tá a rí la kó wá."

"Kí ni wọ́n sọ?" Ìyá Ìṣó ló béèrè láti ẹ̀bá ògiri. "Bàbá Ìṣó, kí ló dé tí kò dáhùn? Kí ni wọ́n ń sọ?"

Àrá yíjú sí i. "Ó ń sinmi. Ó pé, Ìyá Ìṣó. Ó pé pérépéré. Ojú ẹ̀ ò yàtọ̀, wọ́n ní ṣe ló dà bí ẹni tó sùn."

Etí rẹ̀ òsì mì.

Obìnrin náà rí i. Ó dúró, ó ń wo etí náà, títí tó fi dáwọ́ mímì dúró. Ó tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà sórí ìdérí, ó ká a ní ojú ilà tó fi áyọ́ọ̀nù fà, apá ọ̀tún, apá òsì, ó fi ọwọ́ tẹ ọrùn rẹ̀ kó má baà rún. Wọ́n ta àsíá bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n sin ín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Kò pẹ́ tí Àrá fi ṣí ṣọ́ọ̀bù padà. Àwọn èèyàn ń gba ẹnu ọ̀nà kọjá láìwo inú. Ẹ̀rọ télọ̀ ń ró lẹ́yìn ògiri, áyọ́ọ̀nù ìyàwó rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀ lẹ́yìn ilé. Ó ti padà sí aṣọ oníbàárà, ṣùgbọ́n kò tíì bá ọkọ rẹ̀ sọ gbólóhùn kan láti ọjọ́ tí etí yẹn ti mì.

Àrá gbé hámà, ó gbé gọ́ọ̀mù, ó ní òun á tún àga yẹn ṣe. Ó dúró tì í fún ìgbà pípẹ́. Ó gbé gọ́ọ̀mù sílẹ̀, ó gbé hámà sílẹ̀, ó yípadà, ó jókòó lé e.

Àga gbé e ṣánlẹ̀. Ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ láàárín lẹ́búlẹ́bú igi, ìgbáròkó rẹ̀ dún. Ẹ̀rọ télọ̀ dúró. Áyọ́ọ̀nù náà dúró. Àrá kò mira. Ó tẹ́tí sí ẹ̀yìn òkìtì pákó, níbi tí ẹ̀rín Ìṣó ti máa ń wá.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ̀rọ télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ró padà. Áyọ́ọ̀nù náà tún ń lọ.

Ó dìde, ó mú ẹsẹ̀ àga nílẹ̀, ó tì í padà sínú ihò rẹ̀, ó tún jókòó lé e.