Àfọ́kù Àwo Orí Òkè Kédárì

Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó tètè bú mi tán kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Èmi Verdell Mabry ni mo fọwọ́ ara mi kó ẹrù àwọn òkú wa kúrò lórí Òkè Kédárì. Ẹnikẹ́ni ò fìbọn tì mí lẹ́yìn. Ó ti pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n báyìí.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ ṣe ọgọ́rùn-ún ọdún nígbà náà. Èmi ni alága ẹgbẹ́ obìnrin, ẹnu mi mú, mo sì gbà pé kò sóhun tí mi ò mọ̀. Wọ́n ní àwọn èèyàn ńlá ń bọ̀ wá bá wa ṣe é, àwọn aláwọ̀ funfun pọ̀ nínú wọn. Mo gun òkè lọ wo itẹ́ òkú wa, ojú sì tì mí. Àwo ló kún ibẹ̀. Àwo tí olóògbé fi jẹun gbẹ̀yìn, tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ fọ́ kí wọ́n tó gbé e lé ibojì, kí okùn ikú lè já, kó má fa ẹlòmíràn nínú ilé. Ife, àtùpà, ìgò oògùn, ìkarahun, aago tí wọ́n dá dúró sí wákàtí tí ẹ̀mí bọ́. Bí àwọn àgbà wa ṣe ń sàmì sí òkú wọn nìyẹn, torí wọn ò lówó òkúta. Lójú tèmi, ààtàn ni.

Mo kó o dànù. Ìrìn mẹ́rin la fi ọkọ̀ akẹ́rù rìn, odò la dà á sí. Ṣùgbọ́n kí n tó kó o, mo ya fọ́tò ibojì kọ̀ọ̀kan, kí ìjọ lè rí iṣẹ́ takuntakun tí mo ṣe. Mo tún ra ìwé kan, mo kọ ọ́ ní ìlà-ìlà láti ibi igi kédárì ẹnu ọ̀nà: ibojì ta ni, ìṣísẹ̀ mélòó sí èyí tó kàn, kí ni mo kó níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹbí kankan pè mí lólè.

Àǹtí Arzula, àbúrò bàbá mi, dúró dè mí lẹ́nu géètì lọ́jọ́ náà.

"Verdell, kí lo fẹ́ máa fi mọ ibi tí ìyá mi sùn sí?"

"Àǹtí, a máa ra òkúta fún wọn."

"Nígbà wo?"

"Tí ayẹyẹ bá parí."

Ayẹyẹ parí, òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ń jò, a ò ra òkúta kankan. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Àǹtí kò fi bá mi sọ̀rọ̀. A jọ ń jókòó lórí àga kan náà ní gbogbo Sunday, á kọjú sí ẹgbẹ́ akọrin, á kọ ẹ̀yìn sí mi. Nígbà tó kú, Ludie ọmọ rẹ̀ gbé ife búlúù tí ìyá rẹ̀ fi ń mu kọfí wá sí ẹ̀gbẹ́ ibojì. Mo ní, "Ludie, a ti fi í ṣòfin. Òdòdó nìkan." Ó wò mí títí, ó fi aṣọ wé ife rẹ̀, ó gbé e padà sílé. Ẹ̀gbọ́n Verdell ló máa ń pè mí tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, Verdell lásán ni.

Ìyá tí Àǹtí ń bi mí ní ibi tó sùn sí, ìyá àgbà mi ni, Ìyá Keziah. Agbẹ̀bí ni. Òun ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò nínú gbogbo àwa dúdú ìlú yìí, lọ́dún 1946. Ó rin máìlì mẹ́sàn-án lọ sí kóòtù, búrẹ́dì àgbàdo wà nínú àpò rẹ̀. Akọ̀wé tó bá níbẹ̀ ní kó ka òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà lórí, ó sì kà á títí ọkùnrin náà fi ní kó dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì wa, tòun ti gbogbo ìwé inú rẹ̀. Nígbà tí ìbò mìíràn dé, Ìyá Keziah tún lọ, ó kó èèyàn mọ́kànlá dání. Abọ́ funfun tó fi ń wẹ ọmọ tuntun ni wọ́n lu ìdí rẹ̀ tí wọ́n fi sàmì sí i. Èmi ni mo jù ú sódò.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, oṣù tí wọ́n máa ń gbé àwòrán àwọn akọni wa kọ́ sára ògiri kóòtù, oṣù yẹn náà ni lẹ́tà ìjọba ìbílẹ̀ dé. Wọ́n fẹ́ la ọ̀nà ọkọ̀ ẹlẹ́rù gba orí Òkè Kédárì. Wọ́n ní ilẹ̀ òfìfo ni. Pásítọ̀ Hollis lọ bá wọn, wọ́n ní bí òkú bá wà níbẹ̀, àwọn á dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀rí dà? Kò sí òkúta, kò sí ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, òdòdó orí ibojì Àǹtí ti rọ tipẹ́, wọn ò sì gba ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Wọ́n ní àwọn ò lè gbé ẹ̀rọ tó ń wo abẹ́ ilẹ̀ lọ síbi tí kò sí àmì ibojì kankan.

Pásítọ̀ sọ ọ́ fún ìjọ lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, "Ṣé ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun nílé? Ohun yòówù tó lè jẹ́."

Ludie ò tiẹ̀ dìde. "Ẹ bi Verdell. Òun ló gbá ibẹ̀ mọ́ tónítóní."

Mo dákẹ́. Èmi tí mi ò dákẹ́ rí. Mo mọ̀ pé àwọn fọ́tò náà àti ìwé náà wà nínú páálí àkẹtẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ohun tó mú mi dákẹ́ rèé: nínú fọ́tò kan, orí Ìyá Keziah ni mo dúró sí, mo dojú abọ́ rẹ̀ délẹ̀ lọ́wọ́ mi, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo sì fi gègé kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ìwé náà pé: Ìdọ̀tí Tí A Kó.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ń bá ara mi jà. Bí mo bá mú un jáde, gbogbo ìlú á rí irú ẹni tí mo jẹ́. Bí mi ò bá mú un jáde, táyà ọkọ̀ ẹlẹ́rù á máa gorí obìnrin tó rin máìlì mẹ́sàn-án. Láàárọ̀ Tuesday, mo wọ àkẹtẹ̀ pupa mi, mo gbé páálí náà sábẹ́ apá, mo gba kóòtù lọ, níbi tí ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ti ń ṣèpàdé pẹ̀lú ará ìlú.

Ọ̀gbẹ́ni Dalton Crewe, aláwọ̀ funfun, ló jókòó sí àga alága ìgbìmọ̀ náà. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ó kàn jẹ́ ẹni tí a kì í já ní koro ni. Mo tẹ́ àwọn fọ́tò náà síwájú rẹ̀, mo gbé ìwé lé e. Ó ṣí i, ó padà sí iwájú ìwé, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìyáàfin Mabry, ọwọ́ yín lẹ fi kọ èyí?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Ìdọ̀tí lẹ pè é. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ pè é ní ìdọ̀tí. Kí wá ni ká máa pè é?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ mi ru. Mo yíjú sí Ludie tó jókòó ní ìlà kejì.

"Ludie, mo ṣẹ̀ yín. Mo ṣẹ ìyá rẹ, mo ṣẹ ìyá wọn, mo sì fi páálí yìí pa mọ́ torí ojú ń tì mí. Mo fẹ́ kí àwọn àlejò gbà pé èèyàn gidi ni wá, mo wá lọ ń nu àwọn èèyàn gidi kúrò nílẹ̀. Má gbàgbé ẹ̀. Èmi náà ò ní gbàgbé."

Mo wá kọjú sí alága.

"Ọ̀gbẹ́ni Crewe, òótọ́ ni, mo pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, mo sì mọ̀wé náà dáadáa. Ẹ wo fọ́tò kẹta yẹn. Inú abọ́ tó wà lọ́wọ́ mi yẹn ni wọ́n ti wẹ bàbá yín lọ́jọ́ tí wọ́n bí wọn. Ìyá àgbà mi ló wẹ̀ wọ́n. Ẹ lọ béèrè nílé yín."

Ẹ̀rín tán ní yàrá náà.

"Mi ò bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ gbà mí gbọ́," mo ní. "Ẹ gbé ẹ̀rọ yín wá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi igi kédárì ẹnu ọ̀nà, ẹ ka ìṣísẹ̀ mẹ́fà sápá ọ̀tún, ẹ máa bá Silas Mabry níbẹ̀. Ẹ tún ka mẹ́rin, ẹ máa bá ìyàwó rẹ̀. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni wọ́n nínú ìwé yẹn. Bí ẹ bá wá èyíkéyìí tí ẹ ò rí i, ẹ la ọ̀nà yín, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ gbé e gba orí mi."

Crewe ṣí ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n máa yẹ ilẹ̀ náà wò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ dé. Mo dúró tì wọ́n nínú òtútù, mo ń ka ìwé sókè, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì. Wọ́n rí mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélọ́gọ́ta. Wọ́n rí ti Àǹtí, tí a sin lẹ́yìn tí mo kọ ìwé náà, wọ́n sì rí mẹ́rin sí i tí mi ò kọ, torí nígbà tí mo ń kọ̀wé, àwọn yẹn ò ní àwo lórí mọ́. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí wa ò ju ìlà márùn-ún lọ: ọ̀nà á gba ibòmíràn. Wọn ò tọrọ àforíjì, a ò sì retí ẹ̀.

Lọ́sàn-án Saturday tó tẹ̀ lé e, gbogbo ìjọ gun òkè. Àwo ló wà lọ́wọ́ wọn, àwo ìdáná, ife, àtùpà, aago. Mò ń pe orúkọ látinú ìwé, ẹbí kọ̀ọ̀kan ń gbé tiwọn kalẹ̀. Ti àtijọ́ ti bódò lọ, mi ò ní tan ara mi jẹ. Fún Ìyá Keziah, abọ́ tí ìyá mi fi ń po ìyẹ̀fun ni mo gbé lọ. Mo lu ìdí rẹ̀, mo sì sunkún débi pé wọ́n ní láti dì mí mú.

Ludie dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì ìyá rẹ̀. Ó tú aṣọ kan, ife búlúù náà nìyẹn. Ó nà án sí mi.

"Ẹ gbà, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ lé e padà, ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ fọ́ ọ."

Mo fi òòlù lù ú lẹ́ẹ̀kan. Mo gbé e lé ibi tí orí Àǹtí wà, mo ní kó má bínú pé ó pẹ́.

"Wọ́n á bínú," Ludie ní. "Ẹ mọ̀ wọ́n."

"Kí wọ́n dúró dè mí. A jọ máa jà á nígbà tí mo bá débẹ̀."

A ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ọkùnrin kan tó ń gé koríko etí ọ̀nà fún ìjọba ìbílẹ̀ dúró sí géètì. Ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wo orí òkè. Ó ṣí fìlà fún mi, ọmọlúwàbí ni.

"Màmá, ṣé kí n bá yín kó ìdọ̀tí yẹn kúrò kí n tó gé ibẹ̀?"

Ludie wò mí. Gbogbo ìjọ dúró.

"Rárá, ọmọ mi," mo ní. "Àwọn èèyàn wa nìyẹn. Gé koríko rẹ yí wọn ká."