Kìnnìún Inú Fọ́tò

Ẹ̀gbọ́n mi ni gbogbo ìlú ń pè ní Baba Ère. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fi sìmẹ́ńtì mọ orí àti àyà òkú, kí àwọn mọ̀lẹ́bí gbé e sórí sàréè. Èmi àbúrò rẹ̀ ni mo ń po sìmẹ́ńtì. Èyí tí mo ti pò láyé mi tó kọ́ afárá láti ibí dé ojú ọ̀run, á tún ṣẹ́kù fún àtẹ̀gùn. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ẹ̀gbọ́n mi ò tiẹ̀ ka tó yẹn. Ọjọ́ tó fi amọ̀ mọ imú tíṣà ni wọ́n lé e, torí imú amọ̀ yẹn jọ ti tíṣà ju èyí tó wà lójú tíṣà lọ.

Ogún ọdún ló fi ń ṣe ère òkú àdúgbò wa kí ẹnikẹ́ni níbòmíràn tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ọdún yìí ni òtẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú kejì ní kó wá ṣe kìnnìún sẹ́nu géètì àwọn. Kìnnìún ọ̀hún tóbi débi pé òjò tó bá rọ̀ sí i lórí láàárọ̀, ọ̀sán ló ń kán sílẹ̀. Ọjọ́ Sọ́ńdè la gbé e dúró.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin kan gun alùpùpù wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, ó dé akẹtẹ̀ ńlá.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló kú, láti ọdún tó kọjá," ó wí. "Ère rẹ̀ ni mo fẹ́. Sátidé ni mo fẹ́ ẹ, kò gbọdọ̀ yẹ̀."

Ó mú fọ́tò jáde. Baba Ère wò ó. "Ojú nìyí. Ìpàkọ́ ńkọ́?"

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Kì í méfò ìpàkọ́. Ó ní ojú ni àjèjì fi ń dáni mọ̀, ẹ̀yìn orí ni ọmọ ìyá ẹni fi ń mọni.

"Ṣé ìpàkọ́ ni wọ́n á máa sunkún sí?" ni mo bi í.

"Ìwọ, po sìmẹ́ńtì rẹ."

Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á wá fọ́tò tó fi ìpàkọ́ hàn. Àárọ̀ Fúráìdè ló mú un dé. "Inú àpótí ni mo ti rí i," ó wí, ó sì lọ.

Ojú ère ti gbẹ, a ti kùn ún lọ́dà. Ìpàkọ́ nìkan ló kù. Nígbà tí Baba Ère parí rẹ̀, ó gbé fọ́tò náà lọ sójú fèrèsé kó lè yẹ etí wò dáadáa. Ó dúró gbagidi.

"Wá wo nǹkan."

Ọkùnrin inú fọ́tò kẹ́yìn sí wa, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo kìnnìún kan. Kìnnìún wa ni. Mo rí eyín òsì tí mo fi ṣọ́bìrì gbá ya, tí a fi sìmẹ́ńtì funfun lẹ̀. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó ti wà níbẹ̀.

"Òkú ọdún tó kọjá ló ń wo kìnnìún ọ̀sẹ̀ yìí," ni mo wí. Mo la ẹnu láti rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò jáde.

"Wọn ò tíì pa á," ni Baba Ère dáhùn.

"Ká lọ bá ọlọ́pàá."

"Ta ló máa bá wọn sọ̀rọ̀? Ìwọ?"

Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo parọ́ pé ọ̀nì wà nínú kànga àgọ́ wọn, tí ọlọ́pàá mẹ́ta fi fa omi láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

"Ẹ jẹ́ ká gbé ère náà lọ bá a," ni mo wí. "Ẹni tó bá rí orí ara rẹ̀ lórí ọmọlanke, á gbọ́rọ̀."

Bí ilẹ̀ Sátidé ṣe mọ́ la ti dé iwájú òtẹ́ẹ̀lì. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì wo fọ́tò ojú, ó nawọ́ sí òdìkejì títì. "Aláago nìyẹn. Òun ló ń tún aago ṣe níbẹ̀ yẹn."

Aláago ti wọ kóòtù, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ wáíǹdì aago. Aago bí ogójì ló wà lára ògiri.

"Ẹ̀yin lẹ ṣe kìnnìún yẹn," ó wí. "Ojoojúmọ́ ni mò ń dúró wò ó." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ sì ni ti ọ̀nì."

Baba Ère ká àpò kúrò lórí ère. Aláago wò ó títí.

"Ta ló ní kí ẹ ṣe é?"

"Ọkùnrin alálùpùpù, tó dé akẹtẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni yín, ó ní ẹ ti kú."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àbúrò mi nìyẹn. Àwa méjèèjì la jogún ilé yìí. Ó ń bọ̀ báyìí wá gbé mi, ká jọ lọ wo ilẹ̀ kan létí odò. Ẹ gbé àwàdà yín kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a lọ, bàbá," ni mo wí.

"Ta ló máa gba ìwọ gbọ́?"

Mo wá irọ́ tó lè ràn mí lọ́wọ́, n ò rí kankan. Òótọ́ nìkan ló kù lẹ́nu mi, kò sì wúlò.

Baba Ère na fọ́tò ìpàkọ́ sí i. Aláago fi gíláàsì kékeré tó fi ń wo inú aago sójú. Ó wo ìpàkọ́ ara rẹ̀, ó wo kìnnìún, ó wá wo ilẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú fọ́tò. Òjìji ẹni tó ya fọ́tò nà gbọọrọ síbẹ̀, ó dé akẹtẹ̀.

"Èmi ni mo ra akẹtẹ̀ yẹn fún un," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Aago ogójì ń dún bí ìgbà tí ogójì káfíńtà ń kan pósí kan ṣoṣo. A gbọ́ ìró alùpùpù ní kọ́nà. Aláago bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi bo ère náà léjìká.

"Ẹ gbé e sórí àga mi. Kó kẹ́yìn sí ẹnu ọ̀nà."

Bí a ṣe gbé e jókòó, Aláago ti gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde láìwọ bàtà. A fẹ́ tẹ̀lé e, àmọ́ ẹ́ńjìnnì alùpùpù ti kú lẹ́nu ọ̀nà, á rí wa bí a bá rìn débẹ̀. A sá sẹ́yìn kọ́tìnì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ ti ṣetán?"

Ère ò dáhùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọlanke ta ló wà níta yìí?" Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. "Ta ló wá kí yín?"

Ó wọlé. Láti ojú ihò kọ́tìnì ni mo ti rí i tó fa irin kan yọ lábẹ́ ẹ̀wù. Baba Ère di ọwọ́ mi mú. Ọkùnrin náà gbé irin sókè, ó là á mọ́ ìpàkọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fi gbogbo ọjọ́ kan mọ.

Kò dún bí orí èèyàn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa èérún sìmẹ́ńtì nílẹ̀, ó fi ìka rún un. Ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ti ilẹ̀kùn láti inú, ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí kọ́tìnì.