Igi Píà Inú Ilé Opó

"Ìyá Rkiya o! Ṣé ẹ wà nítòsí?"

Ohùn Hammu gba orí ògiri wọlé. Ittu kò tètè dáhùn. Ẹ̀ka píà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ewé rẹ̀ ti dúdú, ó ti gbẹ, orí ẹ̀ka náà sì tẹ̀ kọrọdọ bí ohun tí wọ́n yan lórí iná. Ó yára tì í bọ abẹ́ aṣọ funfun opó rẹ̀, bí ẹni tó jí nǹkan.

"Mo wà ńbí, Hammu. Ṣé kò sí?"

"Kò sí o, Màmá. Ẹ kú ìrọ́jú. Igi yín ni mo fẹ́ béèrè. Ṣé ara rẹ̀ le?"

Ittu fọwọ́ tẹ aṣọ mọ́ ẹ̀ka náà. "Ó le. Kí ló dé?"

"Méjì nínú tèmi ló ń dúdú lórí. Wọ́n dà bíi pé iná rà wọ́n. Ìdí ògiri yín níbí ni wọ́n wà, ni mo ṣe ní kí n bi yín. Ẹ má bínú o. Mo mọ̀ pé ẹ wà nínú opó."

"Kò sóhun tó ṣe igi mi."

"Ó dáa, Màmá. Ẹ kú ìsinmi."

Ittu gbọ́ bí bàtà rẹ̀ ṣe ń tẹ ewé gbígbẹ lọ. Lẹ́yìn ògiri yẹn ni oko Hammu ti bẹ̀rẹ̀, igi píà lórí ìlà-ìlà títí dé etí omi. Ọdún mẹ́sàn-án tó fi ṣe lébìrà ní Kasabílánkà ló dà sórí ilẹ̀ náà. Òun, Tuda ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin, ìdí igi wọ̀nyẹn ni wọ́n ti ń jẹun.

Igi kan ṣoṣo ni ti Ittu, ní àárín àgbàlá. Bennaser ọkọ rẹ̀ ló lọ́ ẹ̀ka rẹ̀ mọ́ ìdí píà igbó kí wọ́n lè di igi kan, lọ́dún tí wọ́n bí Rkiya, ọmọ wọn tó wà nílé ọkọ ní Tanja báyìí. Píà tibẹ̀ kì í ṣe èyí tí à ń fi jẹ búrẹ́dì. Èso olómi ni, ọrùn rẹ̀ gùn, ìdí rẹ̀ sanra, ó sì ń ta sánsán. Ẹni tó bá ti gbé El Hajeb, ìlú wọn yìí, rí mọ bí ilé ṣe máa ń rí nígbà ìwọ́wé, tí wọ́n bá tẹ́ píà sórí koríko gbígbẹ nínú yàrá kó lè rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Èèyàn á wọlé lójijì, òórùn náà á sì dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Bennaser kú kí ooru tó mú. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni Ittu yóò fi wọ funfun, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní kọjá ẹnu ọ̀nà. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Yamna, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, ló wá ń bá a gbé. Òun náà ló kọ́kọ́ rí ẹ̀ka dúdú lórí igi.

"Igi tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, ó máa ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀," ni Yamna wí lọ́jọ́ náà. "Nígbà tí bàbá wa kú, igi ọ̀pọ̀tọ́ rẹ̀ kò so fún odidi ọdún kan. Fi í sílẹ̀, ìyàwó. Ọjọ́ tí o bá bọ́ funfun, òun náà á bọ́ dúdú."

Ittu fi ọwọ́ méjèèjì gba ọ̀rọ̀ náà. Kò sẹ́ni tó tún lè sọ ohun tó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ó máa ń jókòó sídìí igi, òun nínú funfun, igi nínú dúdú, àwọn méjèèjì ń ṣọ̀fọ̀ ọkùnrin kan náà. Kìkì nígbà tí dúdú náà bá pọ̀ jù ló máa ń mú ọ̀bẹ tí Bennaser fi ń gé ẹ̀ka, á gé èyí tó burú jù, á sì jó o nínú ààrò búrẹ́dì, kí àwọn tó ń wá kí i má baà rí i kí wọ́n máa sọ ìsọkúsọ.

Nílé ìdáná, Yamna ń bó píà tí wọn yóò sè mọ́ ẹran àgùntàn.

"Kí ni Hammu ń wá?"

"Igi rẹ̀ ń ṣàìsàn."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Gbogbo oògùn tó ń bù sí wọn lára bí ẹni ń po ọbẹ̀, kò ràn wọ́n lọ́wọ́?" Yamna rẹ́rìn-ín. "Mú alùbọ́sà yẹn fún mi."

Ittu kò mú alùbọ́sà. "Ẹ̀gbọ́n, ti Hammu ńkọ́, ta ni igi tirẹ̀ ń ṣọ̀fọ̀?"

"Kí lo wí?"

"Hammu tó gbìn wọ́n wà láàyè. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ tán ni. Ta ni wọ́n ń dúdú fún?"

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Yamna. Ittu fa ẹ̀ka náà jáde lábẹ́ aṣọ, ó sì gbé e sáàárín èèpo píà.

"Tuda wá yá ọ̀bẹ Bennaser lóṣù tó kọjá. Ó ní tiwọn kò mú mọ́. Mo ti fi gé igi tèmi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bó ṣe wà ni mo ṣe gbé e fún un. Mi ò tiẹ̀ nu oje igi tó ń ṣàìsàn kúrò lára rẹ̀."

"Pa ẹnu rẹ dé," ni Yamna wí ní wúyẹ́wúyẹ́. "Ta ló rí ọ?"

Ittu ti jáde sí àgbàlá. Ó dúró ní ìdí ògiri, ó sì pe Hammu lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáhùn.

"Mo purọ́ fún ọ," ni Ittu wí. "Igi mi ń ṣàìsàn. Ó ti tó oṣù méjì. Ọ̀bẹ tí mo fún ìyàwó rẹ, ara igi yẹn ni mo ti fà á yọ."

Hammu sún mọ́ ògiri lódìkejì.

"Mi ò mọ̀ nípa ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ nípa igi yín, Màmá. Láti orí òrùlé mi ni mo ti ń wò ó. Àwọn tó ń rí sí ọ̀gbìn ti sọ fún wa pé kò sí oògùn rẹ̀, kí a gé e nídìí kí a sì jó o. Mo kàn ń wá ẹnu tí màá fi sọ fún opó pé kó gé igi ọkọ rẹ̀ ni. Mi ò rí i."

"O rí mi tí mo ń purọ́, o sì ní kí n kú ìsinmi."

"Kí ni ǹ bá tún wí? Bàbá Rkiya ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lọ́ igi. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ tẹ́ ẹ bá bọ́ṣọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ló kù?"

"Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, igi rẹ mélòó ni yóò ti mú?"

Ewé gbígbẹ ń dún lábẹ́ bàtà rẹ̀.

"Dá mi lóhùn, Hammu."

"Ó lè jẹ́ ìlà kan. Ó lè jẹ́ gbogbo wọn."

"Máa bọ̀ wá gé e. Lónìí yìí."

Yamna ti wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ọkùnrin nínú ilé opó! Ìyàwó, ṣé orí rẹ pé? Kí la fẹ́ kí aráyé sọ?"

"Kí wọ́n sọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n. Inú ilé ni mo wà, mi ò ní gbọ́."

Yamna wo igi náà láti òkè délẹ̀. Ó jọ pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i, ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ ló lọ gbé wá.

Àwọn méjèèjì ká gbogbo èso tó kù, àti èyí tó ṣì le bí òkúta, wọ́n tẹ́ wọn sórí koríko nínú yàrá tí Bennaser ń sùn tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni Ittu wọ̀ nígbà tí Hammu àti àbúrò rẹ̀ dé. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó jókòó sáàárín píà, ó ń gbọ́ ayùn. Kò pẹ́ tó bó ṣe rò. Nígbà tí igi wó, oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó bọ́ sórí ibùsùn. Láti ìgbà tí Rkiya ti ń rìn ni oòrùn kò ti dé ibẹ̀ mọ́. Ittu na ọwọ́ sínú rẹ̀, ó sì fà á padà.

Wọ́n jó igi náà títí kan ewé rẹ̀, wọ́n hú gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n sì lọ. Lẹ́yìn náà ni ayùn tún bẹ̀rẹ̀, lódìkejì ògiri.

Ittu ń kà á bí wọ́n ṣe ń wó. Ọ̀kan. Méjì. Ó retí kó dáwọ́ dúró, nítorí méjì ni Hammu pè é. Kò dáwọ́ dúró. Ó di márùn-ún, ó di mẹ́jọ. Nígbà tó di mọ́kànlá ni gbogbo nǹkan pa rọ́rọ́, tí èéfín sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí ògiri kọjá.

Ó dìde, ó lọ sídìí iná. Ẹran ti rọ̀ pẹ̀lú alùbọ́sà àti atalẹ̀. Ó fi bọ́tà dín píà náà, ó ta oyin sí i, ó bu kínámónì lé e títí ara rẹ̀ fi pọ́n, ó sì tò wọ́n sórí ẹran nínú ìkòkò amọ̀. Yamna ti gé búrẹ́dì sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Ittu bo ìkòkò náà, ó fi aṣọ mímọ́ dì í.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gbé e lọ sílé Hammu. Ẹ sọ fún Tuda pé kó má dáná lónìí, títí di ọjọ́ kẹta. Àwa la ó máa gbé oúnjẹ wá."

Yamna wò ó. "Ilé òkú là ń sọ bẹ́ẹ̀ fún."

"Mo mọ̀."

Yamna wọ bàtà rẹ̀. Kò rojọ́ ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ó gba ìkòkò náà, ó sì jáde.

Ittu dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ. Ó pẹ́ kí Yamna tó dé.

"Kí ni Hammu wí?"

"Kò wí nǹkan kan." Yamna tú gèlè rẹ̀, ó jókòó. "Ó wo ìkòkò náà fún ìgbà pípẹ́. Mo ti ń rò pé kí n gbé e padà wálé. Lẹ́yìn náà ló ní kí Tuda bu omi wá, ó sì fọ ọwọ́."