Oókan Lẹ́yìn Orí Wa

Nígbà tí ìdíje àgbáyé fi máa parí, ikọ̀ orílẹ̀-èdè wa ò tíì rí nǹkan kan gbà níbẹ̀ ju ẹ kú ìrìn lọ. Àwọn akànṣẹ́ wa ti gba ẹ̀ṣẹ́ tó tó wọn. Ẹni tó ń gbé irin gbé e dé orúnkún, ó ní kí ilẹ̀ bá òun gbà á. Àwọn òmùwẹ̀ wa gúnlẹ̀ nígbà tí àwọn tí wọ́n jọ wẹ̀ ti nura tán. Ni alága ikọ̀ bá bọ́ sórí rédíò, ó ní ìrírí la lọ kó, a sì ti kó o. Ìyá Ẹ̀fúùfù, aránṣọ, dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró gbọ́ ọ. Ó ní ìrírí yẹn mà ti pọ̀ tó láti pín kárí ilé.

Eré kan ṣoṣo ló kù, èyí tí obìnrin mẹ́rin ti máa ń sáré gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn. Ẹ̀fúùfù, ọmọ aránṣọ yìí, ló máa gba ọ̀pá kẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀pá yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nílé wọn. Ní ìdíje tó ṣáájú èyí, ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ Ẹ̀fúùfù lójú gbogbo ayé. Nígbà tó dé, àwọn ọmọdé àdúgbò ń ju igi sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn àgbà ní tiwọn ń kí i ní pẹ̀lẹ́, irú pẹ̀lẹ́ tó ń dunni ju èébú lọ. Ọmọ náà palẹ̀ mọ́, ó padà sí ibùdó tí wọ́n ti ń gbára dì. Láti ìgbà náà, ohùn rẹ̀ ń wálé lórí fóònù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò wá. Ìyá rẹ̀ ò bẹ Ọlọ́run fún wúrà. Ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí ọmọ òun fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà òun.

Bàbá rẹ̀ ló ń béèrè wúrà. Onígbàjámọ̀ ni, Purofẹ́sọ̀ la sì ń pè é, torí kò sẹ́ni tó jókòó sórí àga rẹ̀ tí kò gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kó tó dìde. Bí ọjọ́ eré ti ń sún mọ́lé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kílípà kọ oókan sẹ́yìn orí gbogbo ẹni tó wá gẹrun. Kò bi ẹnikẹ́ni. Bí o bá ti jókòó, ọrùn rẹ di tirẹ̀. Ó kọ ọ́ sórí ọ̀gá ilé-ìwé, ó kọ ọ́ sórí aṣebúrẹ́dì, ó kọ ọ́ sórí Bàbá Onílé tó kàn wá tún irùngbọ̀n ṣe. Á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, á máa wo oókan rẹ̀ bó ṣe ń rìn lọ láàárín ìgboro, bí ẹni ń wo oko tó ta. Ẹni tó ń lẹ táyà ní òdìkejì títì nìkan ló bọ́, Ọlọ́run ti gba ilẹ̀ tí ì bá kọ ọ́ sí lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́. Apárí là ń pè é.

Ìyàwó Purofẹ́sọ̀ bi í pé bí ọmọ ò bá ṣe ipò kìíní ńkọ́. Ó ní kò lè ṣe kó má ṣe é, ọmọ òun ni.

Obìnrin náà ní, “Èmi ni mo bí i, n ò sì kọ nǹkan kan sí ẹnikẹ́ni lórí.”

Àṣé àbúrò Purofẹ́sọ̀ ti to àwọn tó gbé oókan lórí yìí, ó ya ẹ̀yìn wọn ní fọ́tò, ó sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ náà. Nígbà tó ku ọ̀la, Ẹ̀fúùfù pè.

Ó ní, “Bàbá mi, mo rí àwọn orí yẹn. Tí ọ̀pá bá tún bọ́ lọ́wọ́ mi, ojú wo ni kí n fi wá wò wọ́n?”

Purofẹ́sọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí fóònù ti kú. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àga oníbàárà, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, kò sì rí ẹ̀kọ́ kankan kọ́ ẹni tó rí níbẹ̀. Ẹrù tó rò pé òun ń gbé lé àwọn ará àdúgbò, orí ọmọ rẹ̀ ló dì í lé.

Lọ́jọ́ eré, ṣọ́ọ̀bù kún dẹ́nu ọ̀nà. Purofẹ́sọ̀ ò lè wo tẹlifíṣọ̀n. Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó kọjú sí dígí, ó ń yọjú wò ó níbẹ̀. Nínú dígí, òdìkejì ni wọ́n ń sá lọ, bí ẹni pé ilé ni wọ́n forí lé. Ẹni kìíní fún ẹnì kejì, ẹnì kejì fún ẹnì kẹta. Ẹ̀fúùfù na ọwọ́ sẹ́yìn. Ọ̀pá wọ ọwọ́ rẹ̀, ó dì í mú bí ẹni di ọwọ́ ọmọ mú ní títì, ó sì ń sá bọ̀ ní ipò kejì. Nígbà tó kù díẹ̀, ẹnì kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ipò kẹta. Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sínú irun, ó ní, “Kò bọ́. Kò bọ́ o.” A sì fò mọ́ ara wa.

Àfìgbà tí ọ̀gá ilé-ìwé fọwọ́ kan ẹ̀yìn orí. Ni kálukú bá fọwọ́ kan tirẹ̀: oókan ṣì wà níbẹ̀. Irun kì í ṣe aṣọ tí a lè lẹ̀ padà. Purofẹ́sọ̀ fi ọ̀gá jókòó, ó yẹ ẹ̀yìn orí náà wò bí ẹni ń wo ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí, ó wá fa ìlà kúkúrú mẹ́ta láti ara oókan lọ sápá òsì: lókè, láàárín, nísàlẹ̀. Ó di ẹẹ́ta onígun tó dán. Ni kálukú bá tò.

Apárí ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, “Purofẹ́sọ̀, ká ní ipò kejì ni wọ́n gbé ńkọ́?”

Purofẹ́sọ̀ gbé kílípà dúró lófuurufú, ó ro ó. “Gbogbo orí wọ̀nyí ni ì bá dà bíi tìẹ.”

Nígbà yẹn, alága ikọ̀ ti padà sórí rédíò, ó ní ipò kẹta yẹn gan-an lòun fọkàn sí látìbẹ̀rẹ̀. Orí Bàbá Onílé ni Purofẹ́sọ̀ wà nígbà tí fóònù dún. Ẹ̀fúùfù ni. Ó bi bàbá rẹ̀ léèrè àwọn orí yẹn. Bàbá ní òun ti ń tún wọn ṣe, ó sì ṣàlàyé ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí, ó wá béèrè pé:

“Ṣé irun ò ní ti hù bò ó kí n tó dé?”

Ìyá rẹ̀ dìde nílẹ̀. Purofẹ́sọ̀, tó lè fi odidi ọ̀sán sọ bí irun ṣe ń hù, gé ọ̀rọ̀ kúrú lọ́jọ́ yẹn.

Ó ní, “Kò ní hù. N ò ní jẹ́ kó hù.”