Ilé Tí Màmá Láyí Kọ̀ Láti Sùn Sí

Lọ́dún 2002 tí wọ́n gbé Àrìnkẹ́, olùkọ́ girama, wá sí Ìlúpéjú-Èkìtì, ohun tó kọ́kọ́ yà á lẹ́nu ni pé ilé pọ̀ nílùú, àmọ́ ilé ò ṣeé rí. Títì pa ni àwọn tó dára jù wà. Àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó àti lókè òkun ló ni wọ́n, ìgbà Kérésì nìkan ni wọ́n ń ṣí wọn. Ìwọ̀nba tó kù fún ayálégbé, bí òjò ò bá máa wọ̀ ọ́, onílé á béèrè owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sì tí ì pẹ́ tí Jacob ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, bẹ̀rẹ̀ sí í wá oníbàárà nílùú àjèjì. Ni tọkọtaya àtàwọn ọmọ bá há sí yàrá kan tí ọ̀rẹ́ yá wọn.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, bí wọ́n ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Láyí dá Àrìnkẹ́ dúró.

"Tíṣà, wọ́n ní ò ń wá ulé."

Àrìnkẹ́ kúnlẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni mà. A ò rí èyí tápá wa ká."

Màmá mú un lọ wo ilé búlọ́ọ̀kù kan lẹ́yìn ọjà. Láyí, àkọ́bí rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, ló kọ́ ọ fún un, àmọ́ Màmá ò sùn níbẹ̀ rí. Ilé alámọ̀ tó ti bí gbogbo ọmọ rẹ̀ ló tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àdán ti gba àjà, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì ti jẹrà.

"Ilé téèyàn ò bá gbé, kì í pẹ́ wó," ni Màmá wí. "Kí ọkọ ẹ tún un ṣe. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ la ó fi ṣe owó ilé tọdún yìí."

Ni Jacob bá kó ayùn àti òòlù dé. Ìgbà tó parí iṣẹ́, wọ́n kó wọlé.

Kò pẹ́ tí Láyí fi gbọ́. Ó wakọ̀ wálé, inú ń bí i.

"Màmá, ta ló ní kẹ́ ẹ gbé àjèjì sílé mi?"

Màmá jókòó ní ìloro ilé náà, òun àti Àrìnkẹ́ jọ ń bó ẹ̀gúsí. Kò tilẹ̀ dìde.

"Ilé ta? Ṣé kì í ṣe ìwọ lo sọ níwájú àlùfáà, lọ́jọ́ ìṣílé, pé tèmi ni?"

Láyí wo ilẹ̀kùn tuntun, ó wo àwọn ọmọ tó sùn sórí ẹní ní pálọ̀, ó wá wo ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti kọ́ ilé yẹn, kò rí i kó jókòó níbẹ̀ rí.

Ó fa àpótí kan, ó jókòó tì wọ́n, ó sì bu ẹ̀gúsí díẹ̀ sọ́wọ́.

"Ẹ bá mi máa tọ́jú Màmá," ló sọ fún Àrìnkẹ́, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

Ìgbà tí ọkọ̀ rẹ̀ lọ tán ni Àrìnkẹ́ tó jẹ́ kí Jacob kan ìṣó mọ́ ògiri, kí wọ́n gbé fọ́tò ìgbéyàwó wọn kọ́.