Bàbá Ò Sí

Sójà na ìbọn sí Ìyá Aránṣọ níwájú orí, ó ní kó dúró jẹ́ẹ́. Ìbọn ọ̀hún kì í ṣe ìbọn gidi, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò bóyá ara ń gbóná ni. Sójà náà kì í sì í ṣe sójà, obìnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni, tó máa ń le mọ́ àwọn tó bá pẹ́ dé.

"Ara yín tutù dáadáa, Ìyá. Bàbá Aláago ńkọ́? Wọ́n ní ọ̀nà ti ṣí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"Sójà, gbọ́ mi ná."

"Wọn ò tíì múra tán, àbí? Mo mọ̀. Ẹni tó ń tún aago gbogbo ayé ṣe, tí kì í tètè dé ibì kankan." Ó rẹ́rìn-ín nínú ìbòmú rẹ̀. "Ẹ máa wọlé, ẹ̀yìn yín ti kún."

Lóòótọ́, àwọn èèyàn ti tò sẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Aránṣọ wọlé. Láti àná ló ti ń fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ ẹnu nídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, pé ẹnu ọ̀nà gan-an lòun á ti sọ ọ́, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀: ọkọ mi ti kú. Ọ̀rọ̀ náà ò gùn. Ó sì tún gbé e wọlé báyìí.

Oṣù mẹ́rin rèé tí Bàbá Aláago ti kú. Ẹ má tíì dá obìnrin yìí lẹ́jọ́ o, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ ná. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn náà dé, ọkọ rẹ̀ wà ní ìlú kan lọ́nà jíjìn, níbi tó ti ń tún aago ńlá ilé-ìwé kan ṣe. Kó tó parí iṣẹ́, ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé, wọ́n ti gbogbo ọ̀nà pa. Àrùn náà ká a mọ́bẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tí Ìyá Aránṣọ ò mọ̀ rí ló pè é láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó bá a kẹ́dùn, ó sì sọ fún un pé àwọn ti sin òkú. Wọn ò bímọ, àwọn méjèèjì náà ni ilé. Kò síbi tó lè lọ, kò sì sẹ́ni tó lè wọlé tọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, tíí ṣe ọjọ́ Àìkú, akọ̀wé ìjọ pè é, bó ṣe máa ń pe ilé kọ̀ọ̀kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti béèrè àlàáfíà wọn.

"Ìyá, ẹ kú àgbélé o. Bàbá ńkọ́?"

"Akọ̀wé," ó ní, "Bàbá ò sí."

"Áà. Ẹ bá mi kí wọn tí wọ́n bá dé. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n yé rìn káàkiri, ìgbà yìí ò dáa."

Ó ti gé ìpè náà. Ilé mẹ́tàdínlógún ló ṣì kù tó fẹ́ pè.

"Mọ́" ni Ìyá Aránṣọ ò fi kún un. Ká ní ó ní "Bàbá ò sí mọ́" ni, ọmọ ọlọ́dún márùn-ún pàápàá á mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó jókòó, ó ń wo fóònù, ó ń retí pé ọkùnrin yẹn á rò ó, á sì pè padà. Kò pè. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó béèrè bóyá Bàbá ti dé. "Wọn ò tíì dé," ni obìnrin náà wí, irọ́ àkọ́kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ pa nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, akọ̀wé ló bá a wá àwáwí: àbí ọ̀nà tí wọ́n tì ló há wọn mọ́hùn-ún ni? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti ìgbà náà ni gbogbo ìjọ ti ń gbàdúrà lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pé kí Ọlọ́run mú Bàbá Aláago bọ̀ láyọ̀. Ìyá Aránṣọ náà ń ṣe Àmín sí i.

Ohun tó ń wá ò sì pọ̀. Kí ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ọkùnrin náà bá òun sunkún rẹ̀, kó má dà bí ẹni pé adìẹ ló kú.

Wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì pààlà sára àwọn bẹ́ǹṣì. Àwọn tó bá jọ ń gbé nìkan ló lè jókòó pọ̀. Sára bẹ́ǹṣì kẹta, wọ́n kọ ILÉ ALÁAGO, ÈÈYÀN MÉJÌ. Ó jókòó sí ìdajì kan. Ṣọ́ọ̀ṣì náà, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lónìí, ń rùn bí àpótí tí wọn ò ṣí fọ́dún kan, eku sì ti jẹ etí àwọn ìwé orin. Gbogbo ìbòmú tó wà lójú èèyàn níbẹ̀, òun ló rán wọn. Mọ́kànlélógójì ni wọ́n ní kó rán, ti Bàbá wà nínú rẹ̀, ó sì rán an pé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú nìkan ló rí. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

Àlùfáà dìde. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará, àwọn ìjọ tó yí wa ká ń ka orúkọ òkú lónìí. Àwa ò ní orúkọ kankan láti kà. Bí a ṣe lọ la ṣe bọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò tíì sí láàárín wa, ọ̀nà ló wà. A ò dín!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá Aránṣọ ò mọ̀ pé ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé nìyí, pé wọ́n ti fi ọkọ òun dúpẹ́.

Àlùfáà ní kí akọ̀wé máa pe ilé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n dìde níbi tí wọ́n wà, kí wọ́n dáhùn pé àwọn pé. Ilé Káfíńtà dìde. A pé. Oníbúrẹ́dì àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin dìde. A pé. Ìyá arúgbó kan tó ń dá gbé ní, "Mo pé, àyàfi eyín," gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín.

"Ilé Aláago. Ìyá, ẹ bá wọn dáhùn, wọ́n kúkú ń bọ̀."

Ó dìde. "A pé" ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Bó bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ tán lónìí, kálukú á fayọ̀ lọ sílé. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Òkú ọ̀hún á sì wà níbi tó wà, láìní ẹlẹ́kún.

"Akọ̀wé, mo sọ fún yín lọ́jọ́ kìíní. Mo ní Bàbá ò sí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sọ fún mi. Ẹ ní wọ́n—"

"Wọn ò sí mọ́."

Bíírò bọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé, kò bẹ̀rẹ̀ mú un.

"Láti ìgbà wo?" Oníbúrẹ́dì ló béèrè, ohùn rẹ̀ le. "Àdúrà tí à ń gbà ńkọ́? Ìyá, ẹ sì ń ṣe Àmín?"

Ẹyin lohùn, ó ti fọ́ láti oṣù mẹ́rin. Sójà ti fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bọ̀ láàárín bẹ́ǹṣì, ó na ọwọ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n Àlùfáà rántí òfin, ó gbọ́wọ́ sókè. Sójà dúró sídìí ìlà ṣọ́ọ̀kì. Ibẹ̀ ló ti bú sẹ́kún.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ tán ni," ó ń wí, "mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́."

Ẹkún ran Ìyá arúgbó, ó ran ilé Káfíńtà, ó ran akọ̀wé, kálukú láàyè tirẹ̀, ìbòmú ń tutù lójú wọn. Oníbúrẹ́dì náà jókòó, ó dorí kodò.

Ohun tí Ìyá Aránṣọ ti ń wá fún oṣù mẹ́rin nìyí. Ó dúró láàárín rẹ̀, ojú rẹ̀ gbẹ, ó ń retí kí àyà rẹ̀ fúyẹ́. Kò fúyẹ́. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì wá yé e. Títí di àárọ̀ yìí, èèyàn mọ́kàndínlógójì ló ń retí ọkọ òun. Ní báyìí, kò sẹ́nì kankan láyé tó ń retí rẹ̀ mọ́.