Ràímì Fi Ọmọ Kọ́ṣẹ́ Ẹyẹ Wíwò

Ẹni tó bá mọ Ràímì, alábọ́ tánganran ọjà Adjamé nílẹ̀ elédè Faransé, á mọ̀ pé ọkùnrin náà kì í fi ojú kékeré wo nǹkan kan. Nígbà tí Sidikatou, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, sọ fún un pé òun fẹ́ lọ wo ẹyẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin létí ọ̀sà lápá Assinie, kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní kó jókòó, kó tún un sọ.

Ọmọ tún un sọ. Olùkọ́ wọn ní lycée, ilé ẹ̀kọ́ gíga wọn, Madame Mariama, ní ẹgbẹ́ kan tó ń kó àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ẹyẹ lọ síbẹ̀ nígbà vacances, ìgbà ìsinmi. Wọn ò ní sanwó iṣẹ́ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ni yóò san owó ọkọ̀, òun ni yóò máa bọ́ wọn, òun ni yóò fún wọn níbi tí wọ́n á sùn. Ẹyẹ sì ni ayé Sidikatou. Láti kékeré ló ti ń jókòó sétí omi ní Boribana, tí yóò máa wo lékèélékèé, tí ìyá rẹ̀ á máa wá a kiri. Ìyá náà ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ọdún tó kọjá, ó ń tọ́jú ìyá tirẹ̀ tí ara rẹ̀ ò yá. Bàbá àti ọmọ nìkan ló kù nílé.

Ràímì rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ẹni tó gba ọmọ ẹni, tó ń bọ́ ọ, tó fún un nílé, tí kò sì sanwó fún un, kí ni wọ́n ń pè é bí kì í bá ṣe ọ̀gá? Iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ yìí, oyìnbó ló kàn ń fún un lórúkọ mìíràn. Ta wá ni bàbá gidi tó máa jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ dá lọ bá ọ̀gá, bí ọmọ tí kò lẹ́nìkan?

Bí àgbádá mẹ́rin ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú taxi níwájú ilé Madame Mariama ní Biétry ní dimanche, ọjọ́ Àìkú, nìyẹn: Ràímì, Làtífù ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta aṣọ, àti àgbà méjì nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, pẹ̀lú obì nínú abọ́ tánganran tuntun. Sidikatou ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn, ojú ń tì í. Ó ti bẹ̀ wọ́n títí, pé Papa, ça ne se fait pas, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Papa ní nílé tirẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Madame Mariama, ọmọ Bouaké, kọ́kọ́ rò pé wọ́n wá tọrọ aya ni. Ó fún wọn lómi, ó sì ń bá wọn sọ Dioula, èdè ọjà tí gbogbo wọ́n gbọ́. Ràímì ṣàlàyé pé òun mú ọmọ òun wá, ó sì béèrè iye ọdún tí ọmọ yóò lò kó tó gba ìyọ̀ǹda. Madame ní quatre semaines. Làtífù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ò tó fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ. Ó béèrè pé tí wọ́n bá wo ẹyẹ tán, ṣé wọ́n ń tà á ni. Rárá. Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ni? Rárá o. Bí wọ́n bá mú òmíràn, òrùka ni wọ́n ń fi sí i lẹ́sẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó máa lọ. Làtífù ní ó mà dáa, ẹyẹ tún ń gba ẹ̀bùn ìdágbére.

Ràímì wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin sílẹ̀. Ọmọ òun kì í jẹ oúnjẹ tútù. Atẹ́gùn òru ò gbọdọ̀ fẹ́ sí i. Kí ẹnì kan máa jí i fún ìrun àsùbáà. Madame gbà. Kó má gun igi. Madame gbà. Kó má wọ ọkọ̀ ojú omi. Madame ní ìyẹn ò ṣeé ṣe, nítorí orí erékùṣù ni àwọn ẹyẹ náà ń gbé.

"Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn," ni Ràímì wí, ó sì ń ká àgbádá rẹ̀ sí èjìká. Kí n má parọ́ fún yín, inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ó ṣèèṣì wo ojú Sidikatou. Ọmọ náà ò sunkún, kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn dìde láti tẹ̀ lé e wálé, bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Madame fi pẹ̀lẹ́ béèrè pé, "Bàbá, ṣé ọkọ̀ ojú omi ló ń bà yín lẹ́rù lóòótọ́?"

Ràímì sọ àgbádá rẹ̀ kalẹ̀ láti èjìká. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ ló kọjú sí, Yorùbá ló sì sọ.

"Ọkọ̀ kọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé ibẹ̀ á dùn mọ́ ọ. Èmi nìkan ni mo máa wà nílé."

Làtífù, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wo inú ife omi. Sidikatou kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀. Ràímì fà á dìde, ó sì fi ọwọ́ ọmọ náà lé Madame lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí bàbá gbọ́dọ̀ bá ọ̀gá sọ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀: kó má gbọ́ ẹkún ọmọ, kó má jẹ́ kó fojú kan ilé àfi tó bá mọṣẹ́. Làtífù gún un ní ìgúnpá pé kó sọ ọ́. Ràímì fi Dioula sọ tirẹ̀.

"Bí àárò ilé bá sọ ọ́, ẹ dá a padà fún mi lọ́jọ́ náà gan-an. Bí kò bá sì sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán an létí."